Táàgì Nínú Àtẹ Ìgbà: Bí A Ṣe Lè Tọ Ipa Ọ̀rọ̀ Kan Láti 1800 Dé 1900

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olùkọ́ ìtàn, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ fi oorun Sátidé sílẹ̀ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ fáìlì, ẹ kú ìjókòó. Irinṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Markwhen, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí a kọ di àtẹ ìgbà, ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. N ó sọ ọ́, àmọ́ ìtàn ló máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ mi. Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá láti 1800 sí 1900 ni mo mú ṣe àpẹẹrẹ. Ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn dí débi pé ẹni tó bá tò ó sórí ìlà kan ṣoṣo, tó ní òun ti tò ó tán, kò tíì mọ ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè bọ́ nínú ti irinṣẹ́ náà. Fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ni, irú èyí tí Notepad lè ṣí. Ẹ ó kọ ọjọ́, ẹ ó fi àmì tó-tò-tó méjì orí ara wọn (:) tẹ̀lé e, ẹ ó sì kọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí ìṣẹ̀lẹ̀ náà bá gba ọdún púpọ̀, ẹ ó fi ìlà wíwọ́ (/) sáàárín ọdún tó bẹ̀rẹ̀ àti ọdún tó parí. Bí ẹ bá fẹ́ fi táàgì sí i, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi ń kó àwọn ìṣẹ̀lẹ̀ tó bára tan jọ, ẹ ó kọ àmì #, ẹ ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan mọ́ ọn láìfi àyè sílẹ̀. Markwhen á ka ìlà kọ̀ọ̀kan, á sì yà á bí àtẹ tí ẹ lè fà sọ́tùn-ún sósì. Díẹ̀ rèé nínú fáìlì tèmi:

title: Ilẹ̀ Yorùbá, 1800 sí 1900
#ogun: red
#eru: orange
#iwe: blue
#adehun: green

1821: Wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn #ogun #eru #crowther
1835-01-25: Ìdìtẹ̀ àwọn Ìmàle ní Salvador #ogun #eru #bahia
1851-12: Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó #ogun #eko
1852-01-01: Ọba Akítóyè bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn #adehun #eru #eko
1859: Ìwé Ìròyìn bẹ̀rẹ̀ ní Abẹ́òkúta #iwe #abeokuta
1860/1862: Ogun Ìjàyè #ogun
1864-03-15: Dàhómì kọlu Abẹ́òkúta #ogun #abeokuta
1877/1893: Ogun Kírìjí #ogun

Àwọn ìlà tó wà lókè pátápátá ló ń sọ àwọ̀ tí táàgì kọ̀ọ̀kan máa ní. Ẹni tó bá ń lo VS Code tàbí Obsidian, àwọn ètò tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ lórí kọ̀ǹpútà, lè fi Markwhen kún un, kó máa wo àtẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń kọ. Ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà lè fi fóònù kọ ọ́, kó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp bí ẹni fi lẹ́tà ránṣẹ́, nítorí fáìlì tó gba ọgọ́rùn-ún ọdún yìí kò wúwo tó fọ́tò kan. Ìdí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tó mú mi wá gan-an ni táàgì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lo irinṣẹ́ yìí ló máa ń fi abala pín ìṣẹ̀lẹ̀ wọn, wọ́n á ní abala Èkó, abala Ìbàdàn, abala Abẹ́òkúta, ó tán. Abala dára, mo ń lò ó. Àmọ́ ibì kan ṣoṣo ni ìṣẹ̀lẹ̀ lè jókòó sí nínú abala. Abala dà bí ilé tí ènìyàn ń sùn: kò sí ẹni tó lè sun ilé méjì lóru kan. Táàgì ní tiẹ̀ dà bí ẹgbẹ́. Ẹnìkan náà lè wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé àtijọ́, kó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò, kó sì tún wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, aṣọ ẹbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì wà nínú àpótí rẹ̀.

Ẹ wo ìgbésí ayé Samuel Àjàyí Crowther. Ìbẹ̀rẹ̀ 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní oṣù Kẹrin 1822, Myrmidon, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì, gba ọkọ̀ àwọn Potogí tí wọ́n kó o sí, wọ́n sì gbé e lọ sí Freetown ní Sàró. Ó bá wọn lọ ìrìn àjò odò Ọya ní 1841. Ní 1843 wọ́n fi í ṣe àlùfáà ní London. Ní 1846 ó dé Abẹ́òkúta, níbẹ̀ ló ti rí ìyá tó bí i, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25 tí wọ́n ti ya ara wọn. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú, ní Èkó. Bí ẹ bá fi ìlú pín abala, ẹ ti gé ọkùnrin yìí sí wẹ́wẹ́ nìyẹn: orí ní Òṣogùn, apá ní Freetown, ẹsẹ̀ ní Èkó. Bí ẹ bá fi #crowther sí ìlà kọ̀ọ̀kan tó kàn án, tí ẹ wá ní kí àtẹ fi èyí nìkan hàn yín, ìgbésí ayé rẹ̀ á tò pọ̀ lójú kan, abala tí kálukú wọn wà kò sì ní í yí padà.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tọ́ sí táàgì o. Ẹni tí kò kúrò ní ìlú rẹ̀ rí, abala ìlú rẹ̀ ti gbà á. Àwọn tó ń rékọjá ààlà abala ni kí ẹ fún ní táàgì.

Níbi tó ti wá dùn ni ìgbà tí mo yọ gbogbo nǹkan kúrò, tí mo fi #eru nìkan sílẹ̀. Èmi tí mo ti ń kọ́ ìtàn yìí láti ọjọ́ pípẹ́, bí ilé kọ̀ọ̀kan tó dá dúró ni mo ṣe ń kọ́ ọ: Ọ̀yọ́ lọ́tọ̀, Sàró lọ́tọ̀, Bràsíl ní tiẹ̀, ẹ̀yìn òkun, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni. Àtẹ náà kò gbà pẹ̀lú mi. 1807, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò ẹrú. 1808, Freetown di ìlú tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní tààrà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń kó àwọn tí wọ́n bá gbà lórí òkun lọ. 1821, Àjàyí. Lẹ́yìn náà, ọjọ́ 25 oṣù Kìíní 1835, ní Salvador, olú ìlú Bahia ní Bràsíl: àwọn ẹrú àti àwọn tó ti gba òmìnira dìde ogun lóru, nínú oṣù Ramadan, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn tí wọ́n ń pè ní Nàgó, ìyẹn àwa, ló sì pọ̀ jù láàárín wọn. Ọjọ́ kan kò pé tí wọ́n fi ṣẹ́gun wọn. Nígbà tó yá, ìjọba ibẹ̀ dá àwọn kan padà sí etíkun Áfíríkà.

Ẹ wá jẹ́ kí gbogbo ìlà tó kù padà hàn, kí ẹ wo ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ 1835 nínú àtẹ: àkókò tí Ọ̀yọ́ Ilé ń dahoro. Àwọn tó wà ní ojú pópó Salvador lóru ọjọ́ yẹn, ogun tó ń jẹ Ọ̀yọ́ run ló kó ọ̀pọ̀ wọn débẹ̀. Bí mo bá fi abala nìkan ṣe iṣẹ́ yìí, abala Bràsíl ì bá wà nísàlẹ̀ fáìlì, abala Ọ̀yọ́ á wà lókè, n kò sì ní í rí wọn papọ̀ láéláé. Okùn yẹn ṣì ń lọ: àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tí wọ́n kó lọ sí Freetown, bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé ní ìparí àwọn ọdún 1830, àdéhùn Akítóyè ní 1852 ní òun fòpin sí òwò ẹrú l'Ékòó, Kúbà fòpin sí ẹrú níní ní 1886, Bràsíl ṣe tirẹ̀ ní ọjọ́ 13 oṣù Karùn-ún 1888. Ní 1886 yẹn kan náà, ní oṣù Kẹsàn-án, ni àwọn ará Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, àwọn tó ń bára wọn ja Ogun Kírìjí, fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogun náà kò parí pátápátá títí di 1893. Mi ò sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Mo kàn ń sọ pé n kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọdún kan náà ni.

Nítorí náà, ìbéèrè ló yẹ kó bí táàgì. Kí ẹ tó kọ # kankan, ẹ bi ara yín léèrè pé: kí ni mo fẹ́ bi àtẹ yìí lọ́la? Mo fẹ́ mọ ibi tí ogun ti kan òwò ẹrú, ìdí tí mo fi ní #ogun àti #eru nìyẹn. Mo fẹ́ mọ ìgbà tí ìwé kíkọ dé àti ọ̀nà tó gbà dé, ó bí #iwe. Táàgì tí kò ní ìbéèrè lẹ́yìn, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Mo ti rí àtẹ tó kún fún #pataki. Ta ló máa kọ ìṣẹ̀lẹ̀ tí kò ṣe pàtàkì sílẹ̀? Mo ti rí #itan nínú àtẹ ìtàn. Mo ti rí ẹni tó fi #1850s sára ìlà tó ti fi 1852 bẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ó ń bẹ̀rù pé ọdún náà á sá lọ. Ohun tí ọjọ́ tàbí abala bá ti sọ, kí táàgì má tún un sọ.

Ó ku ibi tó jẹ́ tiwa nìkan, tí àwọn tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ irú àlàyé yìí kò ní í rántí kọ. Ẹ wo ara táàgì mi: kò sí àmì ohùn, kò sí àmì ìsàlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jà fún kíkọ Yorùbá bó ṣe tọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi. Ní ojú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan bí ọ̀ ní ọ̀nà tó ju ẹyọ kan lọ tí a lè gbà kọ ọ́. Pátákó ìtẹ̀wé kan lè fi ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀ tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, kó wá lẹ ohùn ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Òmíràn á fi o lásán sílẹ̀, á lẹ àmì méjèèjì mọ́ ọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ láti ò, á wá lẹ ti ìsàlẹ̀. Àwọn kan sì wà tó ń fi ìlà òòró kékeré sí ìsàlẹ̀ dípò àmì rogodo kékeré. Lójú wa, gbogbo rẹ̀ jọra tàbí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Lójú irinṣẹ́ tó ń ka lẹ́tà ní ẹyọ ẹyọ, ọ̀rọ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí ẹ bá fi fóònù kọ táàgì lónìí, tí ọmọ yín fi kọ̀ǹpútà kọ ọ́ lọ́la, ìdajì ìṣẹ̀lẹ̀ yín lè pòórá nígbà tí ẹ bá ń wá a, ẹ kò sì ní í mọ ìdí. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní gbogbo àmì rẹ̀, ibẹ̀ ni èdè wà. Ẹ jẹ́ kí táàgì wà ní lẹ́tà kékeré, láìní àmì, láìní àyè.

Ìyẹn náà mú ìṣòro tirẹ̀ dání. Bí a bá ti bọ́ àmì lára ọ̀rọ̀ Yorùbá, gbogbo ẹbí ló ń jọra. Ẹni kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣe fáìlì yìí fi #owo sí ọjà Àpòǹgbọ̀n, òwò ló ní lọ́kàn. Ẹlòmíràn fi #owo sí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Ọ̀wọ̀. Ẹnì kẹta fi í sí owó ẹyọ. Nígbà tí a sẹ́ àtẹ bí ẹni sẹ́ ògì, kí ó lè ku táàgì kan ṣoṣo, ìlú Ọ̀wọ̀ ti di olówó ẹyọ. A wá pín in: #owo_oja, #owo_ilu, #owo_eyo. Àmì ìlà ìsàlẹ̀ yẹn kò ní í dà á rú. #eru ṣì wà bẹ́ẹ̀, nítorí ẹrù àti ẹ̀rù kò ní táàgì nínú fáìlì wa, àmọ́ a kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sókè fáìlì. Nínú Markwhen, bí ẹ bá fi // bẹ̀rẹ̀ ìlà, kò ní í yọ jáde lórí àtẹ. Ibẹ̀ ni a to ìtumọ̀ táàgì sí:

// #ogun: ọmọ ogun méjì pàdé, tàbí wọ́n yìnbọn lu ìlú
// #eru: kíkó, títà, gbígbà sílẹ̀ tàbí òfin nípa ẹrú
// #bii: ọdún tí a fojú bù, kò sí ìwé tó kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀

Èyí tó kẹ́yìn yẹn, #bii, òun ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Irinṣẹ́ náà kò mọ iyèméjì. Nọ́ńbà ló ń fẹ́. Bẹ́ẹ̀, ọdún tí wọ́n fi Ọ̀yọ́ Ilé sílẹ̀, àwọn òpìtàn kò fẹnu kò lé e lórí; àárín 1835 sí 1837 ni ọ̀rọ̀ wọn máa ń wà. Ogun Òṣogbo, tí àwọn Ìbàdàn ti dá àwọn jagunjagun Ìlọrin dúró, àwọn kan fi í sí 1838, àwọn kan 1840. Bí mo bá kọ 1835/1837, àtẹ á fà á gùn bí ẹni pé ọdún púpọ̀ ni wọ́n fi kó ẹrù. Ó jọ Ogun Kírìjí, tí mo kọ 1877/1893, ṣùgbọ́n ti Kírìjí, ogun náà ló pẹ́ bẹ́ẹ̀ ní tòótọ́. Ọ̀kan gùn nítorí ohun tó ṣẹlẹ̀, èkejì gùn nítorí ohun tí a kò mọ̀. Táàgì nìkan ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń wo àtẹ.

Mo wá fi #bii sẹ́ gbogbo fáìlì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ṣáájú 1842 ni gbogbo rẹ̀ wà. Ọdún yẹn ni Thomas Birch Freeman, ajíyìnrere Mẹ́tọ́díìsì, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1843, Henry Townsend, ajíyìnrere bíi tirẹ̀, dé Abẹ́òkúta. Àwọn ènìyàn yìí ń kọ ìwé ìrántí lójoojúmọ́, wọ́n ń kọ lẹ́tà sílé. Láti ìgbà náà lọ, àtẹ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ní oṣù, ó ní ọjọ́. Ẹni tó bá wò ó gààràgà á ní nǹkan kò pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá kí òyìnbó tó dé, pé láti 1842 ni ìṣẹ̀lẹ̀ wá ń rọ́ lu ara wọn. Irọ́ ni. Ẹni tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ ló pọ̀ sí i. Bí mo bá rí akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ wá láìsí #bii níbì kankan, mo máa ń dá a padà.

Táàgì tún máa ń jẹ́ ìdájọ́, kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ètò lásán ni. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ 1861, Ọba Dòsùnmú fọwọ́ sí ìwé tó gbé Èkó lé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́. Àdéhùn ni wọ́n pè é nínú ìwé wọn. Nígbà tó ń fọwọ́ sí i, ọkọ̀ ogun Prometheus wà lójú omi, ìlú kò sì tíì gbàgbé ohun tí ìbọn ọkọ̀ ṣe ní 1851. Dòsùnmú àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ṣàròyé lẹ́yìn náà. Ṣé #adehun ni kí n fi sí i? Ọ̀rẹ́ kan ní #ogun ni, torí pé ẹ̀rù ìbọn ló fọwọ́ sí i. Ìtumọ̀ tí a kọ sókè kò gba èyí láyè: wọn kò yìnbọn lọ́jọ́ náà. A dá táàgì tuntun sílẹ̀, #ipa, a sì fi #adehun sí i pẹ̀lú. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlà yìí àti àdéhùn Ìbàdàn òun Èkìtìparapọ̀, tí àwọn méjèèjì ti rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wá hàn kedere bí a bá sẹ́ wọn. Nígbà tí a ti ní #ipa lọ́wọ́, a padà sí 1852, a fi sí ara àdéhùn Akítóyè náà: Gẹ̀ẹ́sì ló fi ìbọn dá a padà sórí oyè, kí ni ì bá fi kọ̀?

Lórí àwọ̀, ẹ má jẹ́ kó ju mẹ́rin lọ. Èyí tó bá kù, ẹ jẹ́ kó wà láìní àwọ̀, ẹ ṣì lè fi sẹ́ àtẹ.

Ẹnìkan béèrè nínú àwọn tó wà lẹ́yìn bóyá a gbọ́dọ̀ ṣí Markwhen kí a tó lè wá táàgì. Rárá o. Ọ̀rọ̀ lásán ni fáìlì náà. Nínú Linux tàbí Mac, ẹ ṣí ojú àṣẹ (terminal), kí ẹ kọ grep -w "#ogun" àti orúkọ fáìlì, gbogbo ìlà ogun á tò sílẹ̀. Lẹ́tà w yẹn ṣe pàtàkì: láìsí i, ẹni tó bá wá #owo á rí #owo_ilu àti #owo_oja mọ́ ọn. Ọ̀nà yìí náà la fi ń mọ táàgì tí ẹnìkan ṣi kọ.

A ó fi fáìlì náà ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Kí kálukú fi ìlú rẹ̀ kún un. Ẹ má dá táàgì tuntun sílẹ̀ fún ìṣẹ̀lẹ̀ ẹyọ kan. Ẹ dúró dìgbà tí bíi mẹ́ta bá ń bèèrè fún un. Kí ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú bẹ̀rẹ̀ láti oṣù Karùn-ún 1892. Mo ti kọ Ogun Ìmàgbọ́n, tí Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà, síbẹ̀, àmọ́ #ogun nìkan ló wà lára rẹ̀ báyìí. Ọ̀nà tí àwọn Ìjẹ̀bú tì mọ́ àwọn oníṣòwò wà lára ohun tó dá ìjà náà sílẹ̀, nítorí náà ó yẹ kí #owo_oja wà níbẹ̀, bóyá #adehun pẹ̀lú. Ẹ wò ó, kí ẹ sọ fún mi bí #ipa bá yẹ kó wọ̀ ọ́.